Wọ́n Ní Ọmọ Náà Kò Gbọ́ràn

Ohun tí ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún mi kò jọ ọ̀rọ̀ àìsàn rárá. Ó ní, "Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí kò gbọ́ràn." Mo rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ oṣù 15 ni wọ́n gbé e wá gbà ní ilé ìwòsàn ìjọba kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ìlà àwọn ìyá gùn dé ẹnu ọ̀nà, yìnyín inú kúlà sì ti ń yọ́. Mo gún un, ó ké, mo kọ déètì sí káàdì rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún fi kún un pé òun kò tíì gbọ́ ju "màmá" àti "bàbá" lọ lẹ́nu ẹ̀, mo dá a lóhùn bí gbogbo ayé ṣe máa ń dáhùn: "Ọkùnrin ni. Ọkùnrin máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ fún un láyè."

Ọdún kan gbáko ni gbólóhùn yẹn fi ṣòfò lórí ọmọ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, mo kàn yí àwọn nǹkan tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ padà díẹ̀ ni. Àjàní ni màá máa pe ọmọ náà. Oríkì ni, Àjàní sì pọ̀ ní Abẹ́òkúta ju òkúta lọ.

Ìgbà tí wọ́n padà wá, ó ti pé ọdún 2 àti oṣù 3. Oṣù kẹta ọdún ni, àgbálùmọ̀ ṣì wà lọ́jà. Gbogbo wọn ló wá: ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ láti gáréèjì Kútọ̀ lọ sí Èkó, àti ìyá bàbá rẹ̀. Tí awakọ̀ bá pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbóná, tí kò bì, tí kò sì yàgbẹ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Wọn ò wá bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n fẹ́ kí n júwe ẹni tó máa gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ náà fún wọn ni.

Màmá àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní kò sí odi nínú ìdílé àwọn. Ó ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, ṣebí kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Èyí tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń mí tọ̀sán-tòru, ìgbà wo ni ẹnu ọ̀hún máa ráyè ṣe ṣámú? Ó sọ ọ́ bí àwàdà, àmọ́ ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo gbọ́ ohun tó sọ nípa ẹnu tó fi ń mí yẹn, mo sì jẹ́ kó kọjá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó padà sí i.

Kò sí ohun tí wọn ò tíì ṣe. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n máa fi agogo bu omi fún un mu kí ohùn rẹ̀ lè já gaara, wọ́n ṣe é fún ọjọ́ 7. Ẹlòmíràn ní omi tí ayékòótọ́ mu kù ló dáa jù, ṣùgbọ́n wọn ò rí ayékòótọ́. Wọ́n ti kán àdí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i létí. Wọ́n ti gbààwẹ̀. Mi ò fi èyíkéyìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí kò bá tíì ní ọmọ tó ń wo ojú ẹni láìlè dáhùn ló lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èyí tó dùn mí jù wá láti jẹ́lé-ó-sinmi tó ń lọ. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ló ń da ọmọ náà lọ́pọlọ rú, kí wọ́n dẹ́kun ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Ìyá Àjàní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà dáadáa o; ó lè ta àdìrẹ fún òyìnbó tó wá wo Olúmọ, kó sì jèrè. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn fi ń ṣìkẹ́ ọmọ, tí a fi ń dẹ́rìn-ín pa á, tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò ní ín. Ohun tó wá kù láàárín òun àti ọmọ rẹ̀ kò ju "kọ́ọ̀mù", "sídáùn" àti "nóò" lọ. Màmá àgbà tó ti máa ń kì í láràárọ̀ gbé ẹnu dákẹ́, kó má baà ba nǹkan jẹ́. Odindi oṣù 5 ni ilé náà fi pa lọ́lọ́. Wọ́n gbé fóònù lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí àwọn ẹranko inú kàtúùnù lè máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo sọ fún wọn níbẹ̀ yẹn pé kí wọ́n padà sí Yorùbá lónìí, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ gan-an. Èdè 2 kì í mú ọmọ ya odi, èdè 3 náà kì í ṣe é. Ọmọ tó ń gbọ́ èdè 2 lè mọ omi ní Yorùbá kó mọ bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ńṣe ni ká ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ti fóònù, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti ojú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Fóònù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ. Kì í ṣe òun ló di ahọ́n Àjàní, àmọ́ ó gba àyè àwọn tó yẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Mo kọ́kọ́ wo ahọ́n náà kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Màmá àgbà ní àgbálùmọ̀ nínú báàgì. Mo pa ọ̀kan, mo fi omi rẹ̀ ra ètè ìsàlẹ̀ Àjàní. Ó yọ ahọ́n, ó lá a mọ́ tónítóní, ó sì tún ń lé èyí tó ṣàn lọ sí àgbọ̀n. Ahọ́n tó ń wá nǹkan dé àgbọ̀n, kí ló so ó mọ́lẹ̀? Bí okùn yẹn bá tiẹ̀ kúrú, ọmú mímu ló sábà máa ń dí lọ́wọ́, ó sì lè mú kí ìró kan tàbí méjì má já dáadáa. Kì í ṣe òun ló ń sọ pé kí ọmọ má mọ ọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n gbàgbé abẹ.

Lẹ́yìn náà mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣeré, èmi náà ń ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé. Ó mú pálí oògùn kan tó ti ṣófo, ó gbé e sí etí bíi fóònù, ó ń rìn kiri bíi bàbá rẹ̀. Ó rí alángbá lára ògiri. Ó nàka sí i, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún wo alángbá náà, ó tún wo ìyá rẹ̀, bóyá òun náà ti rí i. Lójú tèmi, ìnàka yẹn ju ọ̀rọ̀ 10 lọ. Ọmọ tó ń fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ohun tí òun rí ti ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn kì í rí bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sábà wo ojú èèyàn, tí wọn kì í nàka fi nǹkan hàn. Ọ̀nà ibòmíràn ni mi ò bá júwe fún ìyẹn, nítorí ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní autism. Bí ọmọ bá pé oṣù 12 tí kì í ṣe "bàbàbà", tí kì í sì í nàka, ẹ gbé e wá. Bó bá pé oṣù 16 láìní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tàbí ọdún 2 láì fúnra rẹ̀ so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀, ẹ gbé e wá. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá pòórá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ìyá yìí ní ọdún tó kọjá nìyẹn.

Mo ní kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń sọ fún mi, títí kan èyí tó jẹ́ pé òun nìkan ló yé. Kò ju 11 lọ. "Màmá", "omi" àti "wá" já gaara. Bàtà jẹ́ "bà-à". Iṣu jẹ́ "i-u". Ẹja, "ẹ-a". Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú pópó. Àjàní sáré lọ sí ojú fèrèsé, ó nàka, ó ní, "Ọ-ọ̀! Ọ-ọ̀!"

Ẹ pè é sókè fúnra yín kí ẹ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ọkọ́ tí a fi ń roko, kì í sì í ṣe ọkọ ìyàwó. Ọkọ̀ ni, tòun ti ohùn ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ní ipò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohùn pé, fáwẹ̀lì pé. Kọ́ńsónáǹtì ló jábọ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn. M, b àti w wà níbẹ̀, àwọn tó máa ń dún, tí a tún ń rí lára ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. T, k, ṣ àti j ni kò sí.

Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Àwọn ọmọ Yorùbá máa ń tètè mú ohùn kí wọ́n tó mú kọ́ńsónáǹtì, kò sí àrùn níbẹ̀. Ọmọ ọdún 2 tó ń pe r bíi y kò ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ti Àjàní ní ìlànà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ̀lì àti ohùn orí rẹ̀ ló máa ń rinlẹ̀ jù. S, ṣ, f, t, k kò ju èémí lọ. Ẹni tí etí rẹ̀ bá dí díẹ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ yìí kò ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ohun tó ń gbọ́ gan-an ló ń sọ. "Ọ-ọ̀" ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá Àjàní, ẹ jọ̀ọ́, bí kò ṣe ń gbọ́ràn yẹn, ẹ tún un sọ fún mi." Ó ní tí òun bá pè é láti inú yàrá, kì í dáhùn. Tí òun bá ní kó má fọwọ́ kan aró, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí òun bá dúró níwájú rẹ̀ tí òun sì la ojú mọ́ ọn, a ṣe é wéré. Ó ní òun ti nà án títí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá: kò gbọ́ràn. Èdè wa ti sọ etí àti ìgbọràn di ọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í tiẹ̀ ń ronú sí i mọ́. A ní etí rẹ̀ di, a ní elétí kunkun, a sì fi kòbókò tẹ̀ lé e. Èmi tí mo kàwé ìṣègùn gan-an, ìwà ọmọ ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, etí kọ́ o. Tí mo bá fun họ́ọ̀nù lẹ́nu títì, á ti sáré jáde. Tí wọ́n bá ń lu àdìrẹ ní Ìtòkú, ó máa ń jó sí i!" Òótọ́ ló sọ. Mo bi í pé nígbà tí iná bá ń ṣe bàìbàì ládùúgbò wọn, ṣé gílóòbù kì í tàn? Ó ní ó máa ń tàn. Fíríìjì ńkọ́? Ó dákẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni etí ṣe ń rí. Kì í ṣe pé kó wà tàbí kó má sí. Ó lè wà tí kò ní gbé fíríìjì.

Mo ní kí ìyá rẹ̀ fi etí àdìrẹ tó ró bo ẹnu, kó sọ ọ́ ní ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ pé, "Gbé bàtà wá." Àjàní tẹjú mọ́ aṣọ náà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ lókè aṣọ, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó lọ gbé bọ́ọ̀lù wá. Ó ń méfò. Ìyá náà sọ aṣọ náà kalẹ̀, ó tún un wí, ọmọ náà sì gbé bàtà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Màmá àgbà ló fa ọmọ náà mọ́ra, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí gbogbo ẹgba.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ẹnu tó fi ń mí. Kátàà kò tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ tó kọ́kọ́ bá a láyé. Ó ń han-run bí àgbàlagbà. Ìgò oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ lálaalẹ́, èéfín ààrò sì wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń se aró.

Ó kù kí n kọ ìwé ránṣẹ́ sí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá. Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀, mo ní, "Tó bá yá, wọ́n lè ní kí ẹlòmíràn náà wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà." Màmá àgbà dìde fùú. "Arò! Arò ni ẹ fẹ́ gbé ọmọ mi lọ!" Ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá ti dárúkọ ọpọlọ báyìí, Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ló kù. Ó gba sùúrù kó tó jókòó. Mo mọ̀ pé Arò ju ohun tí à ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ. Ní 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ibẹ̀ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọjọ́ ìtàn. Mo gé e kúrú: etí ni, etí nìkan.

Wọ́n lọ lóṣù kẹrin. Dókítà ti rọ́bà kékeré kan bọ etí Àjàní, ẹ̀rọ náà fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì ya ìlà sórí pépà. Ìlù etí tó bá ń mì dáadáa máa ń ya òkè ṣóńṣó. Ti Àjàní tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì. Omi tó ki bíi gọ́ọ̀mù ló kún ẹ̀yìn ìlù etí náà, kò jẹ́ kó mì. Ihò tín-ínrín kan wà tó yẹ kó máa fa omi yẹn lọ sí ọ̀fun. Ti ọmọdé kúrú, ó sì tẹ́, ẹran tó wú lẹ́yìn ihò imú rẹ̀ sì tún ń dí i. Ẹran yẹn náà ló ń mú un han-run. Ìdánwò ìgbọ́ràn fi hàn pé ohun tí kò bá tó 35 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìró ṣe lágbára tó, kò wọlé sí i létí. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ju bíi 30 lọ. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nítòsí tó bíi 60, àmọ́ ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Wọn ò kọ oògùn kankan. Bàbá Àjàní pè mí lórí fóònù láti Ìdí-Àbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá náà wà, inú ń bí i gan-an. "A tò láti aago mẹ́fà, wọ́n ní ká lọ dúró fún oṣù 3!" Ó yé mi. Ẹni tó ti ra gbogbo nǹkan, tí kò sí èyí tó ṣiṣẹ́, ṣé ìdúró ló máa gbà? Ṣùgbọ́n dókítà yẹn mọṣẹ́. Omi yẹn sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 3. Oògùn apakòkòrò kì í gbẹ ẹ́, oògùn kátàà náà kì í gbẹ ẹ́. Àdí tí wọ́n kán sí etí kò lè dé ibẹ̀ láéláé, ẹ̀yìn ìlù etí ni omi wà. Bí kò bá gbẹ, wọ́n lè lu ìlù náà, kí wọ́n fi páìpù bíńtín síbẹ̀, kí wọ́n sì yọ ẹran imú yẹn.

Iṣẹ́ wá kù sílé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè é láti yàrá mọ́. Kí wọ́n lọ bá a, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí ojú kojú. Kí wọ́n pa rédíò. Tó bá ní "omi", kí wọ́n dá a lóhùn pé "omi tútù", kí wọ́n sì dákẹ́ dúró dè é, ìdákẹ́ yẹn ló nira jù fún ìyá rẹ̀. Ìgò orí ìdùbúlẹ̀ parí, wọ́n sì gbé ààrò jìnnà. Ẹ̀yìn màmá àgbà ni Àjàní máa ń wà tẹ́lẹ̀ tí ó bá ń kì í, ẹ̀yìn kì í sì í rí ẹnu. Ó wá ń sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ báyìí, iwájú sí iwájú. Ọmọ náà máa ń fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀ tó bá ti dé orí àwọn ọ̀rọ̀ kan.

Lóṣù keje, etí ọ̀tún ti ya òkè. Ti òsì ṣì tẹ́. Ìyá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ 46 sínú ìwé kékeré tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ "màmá wá" àti "omi dà". K ti yọ, ọkọ̀ ti di ọkọ̀. Ṣ kò tíì sí. Dókítà ní kí wọ́n padà lẹ́yìn oṣù 3 mìíràn. Nígbà tí wọ́n lọ lóṣù kẹwàá, etí òsì kò tíì mọ́, ó sì ń han-run síbẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yíyọ ẹran imú náà. Bàbá rẹ̀ ti ń tọ́jú owó. Wọn ò tíì mú ọjọ́.

Lóṣù kọkànlá, mo yà ní Ìtòkú láti ra ọ̀pá àdìrẹ méjì. Obìnrin kan ń ná aṣọ lọ́wọ́ ìyá Àjàní, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Àjàní wà lẹ́yìn òkìtì aṣọ, a ò tiẹ̀ rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sí wa. Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó dá iye kan. Kí ìyá tó la ẹnu, ohùn kékeré kan ti dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Kò gbà!"

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. "Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ rí nǹkan? Ọmọ yìí máa lé oníbàárà mi tán."